Ewé Marcela àti Ilẹ̀kùn Kejì

Ohun tí Noelia kọ́kọ́ rí kì í ṣe èèyàn. Àpò òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kan ló rí tó ń rìn bọ̀ nínú òjò, bàtà rọ́bà méjì tó kún fún ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, fíláàsì omi gbígbóná há mọ́ abẹ́ apá. Ìgbà tí àpò náà dé ẹnu géètì wa tó sì balẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọn omi kúrò lára fìlà, ó fa ìbòmú rẹ̀ sókè. Ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: ojú náà tó.

Èmi Zulma, ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń fọ ìgò ní láàbù yẹn ní Montevideo. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò rí, wọ́n á wá sọ fún mi. Àwọn méjèèjì tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń sá wá tí wọ́n bá ti jà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

“Ọ̀gbẹ́ni, ibí kì í ṣe ọjà ewé o,” Waldemar tó ń ṣọ́ géètì sọ fún un.

“Mi ò tà á. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ni.”

Àsìkò yẹn ni Noelia Bentancur, tó ti ń wo àpò náà bọ̀ láti òkèèrè, ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nínú gbogbo àwọn tó ń wá bí kòrónà ṣe ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ní láàbù wa, òun ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Èmi tí mò ń fọ ìgò wọn ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

“Kí ló wà nínú ẹ̀?” ó bèèrè.

“Marcela. Ìyá mi já a láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì Rere, kí oòrùn tó yọ, bó ṣe yẹ ká já a. Lábúlé wa ní Paso Ceibal, wọ́n ní ẹni tó bá ń mu ún kò ní kó kòrónà. Ìyá mi gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.”

“Ìwọ ńkọ́, o gbà bẹ́ẹ̀?”

“Mi ò mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe wọkọ̀ wákàtí mẹ́fà wá. Ó ti ní bóyá lòun máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, Dókítà, àyà rẹ̀ ò sì le.”

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló da omi gbígbóná sínú akèrègbè máte rẹ̀, ewé tí gbogbo ará ilẹ̀ wa ń fi omi gbígbóná rẹ mu, ó fa ẹ̀kún ẹnu kan, ó tún da òmíràn sí i, ó sì nà án sí Noelia pẹ̀lú ọ̀pá ìfàmu rẹ̀, bí a ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Waldemar pariwo. Oṣù kẹrin ọdún 2021 nìyẹn o! Ọ̀pá ìfàmu kan náà, ẹnu méjì! Ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni pé iná jó o.

“Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń dá mu, ọwọ́ mi ò tíì gbà.”

Noelia bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣé.”

“Há, ẹ ti dúpẹ́ kí ẹ tó mu? Ó parí nìyẹn.”

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń po máte kì í gbọ́ “ẹ ṣé” kó tún gbé akèrègbè wá fún ọ. Bó o bá ti dúpẹ́, o ní ó tó nìyẹn, o ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Noelia mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, ó sì gba àpò ewé náà. Orúkọ ọkùnrin náà ni Fermín Olivera, agẹ̀run-àgùntàn ni. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń gbé àpò sílẹ̀: ó rọ̀ bí ọwọ́ ọmọ jòjòló, nítorí epo ara àgùntàn. Noelia náà wò ó. Kó má purọ́ fún mi.

Fermín wọ̀ sílé àǹtí rẹ̀ kó lè dúró gbọ́ èsì. Lójoojúmọ́, bí aago méjìlá bá ti lù, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú géètì, níbi tí atẹ́gùn odò ti ń fẹ́ wá. Noelia á jókòó sí ìkángun kejì. Kálukú ló ní akèrègbè tirẹ̀ àti ọ̀pá ìfàmu tirẹ̀, ṣùgbọ́n fíláàsì Fermín ni wọ́n jọ ń lò. Òun ló ń da omi sínú ti Noelia láti òkèèrè, apá rẹ̀ nà tán, omi ò sì ń ta sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni wọ́n jọ ń ṣe pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

“Ṣàlàyé olè náà fún mi,” Fermín sọ lọ́jọ́ kan.

“Kòrónà? Ó ní ẹ̀gún káàkiri ara. Orí ẹ̀gún yẹn ló fi ń di ohun kan mú lára sẹ́ẹ̀lì, bí ẹni di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.”

“Ó bá wọlé.”

“Ta ló sọ fún ọ? Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó o dì mú ti sọ ọ́ di onílé? Wọ́n gbọ́dọ̀ gé ẹ̀gún náà kó tó lè ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró wa ní sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ lára awọ rẹ̀, tó fi ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Òun ló máa gé ẹ̀gún náà láìmọ̀. Ẹ̀gún á là, á na apá gígùn kan jáde, á gún awọ sẹ́ẹ̀lì, á fà á mọ́ra títí awọ méjèèjì á fi di ẹyọ kan. Ẹrù inú kòrónà á wá ṣàn wọlé. Ìwé àṣẹ ló wà nínú ẹrù náà. Sẹ́ẹ̀lì á kà á, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ fún àlejò.”

Fermín mi orí títí. “Sísọ́ọ̀sì onílé ló fi ń ṣiṣẹ́? Agẹ̀run tó bá wá sóko láìmú sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ wá, a máa ń lé e ni.”

“Kí o bá mi lé e nígbà náà.”

“Tí o bá fi mí sí ibi tí mo ti lè rí ọ lójoojúmọ́, màá lé e dé Brazil.”

Noelia fi ẹnu bọ ọ̀pá ìfàmu rẹ̀ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Mo rí i láti ojú fèrèsé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe náà, nítorí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa nìkan ló lè ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ni sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ. Ó ń hù bí èpò ni. Bó o bá gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, yóò ti kún abọ́ lọ́jọ́ Ajé. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, ó máa ń lọ́ra ní tirẹ̀, ó lè gba oṣù kan kó tó pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń lò. Inú ti ọ̀bọ ni Noelia da omi marcela sí.

A kì í lo ojúlówó kòrónà ní yàrá wa. Fáírọ́ọ̀sì arọ kan ni wọ́n ń wọ ẹ̀wù kòrónà fún: ó ní ẹ̀gún rẹ̀, ó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò lè bímọ. Wọ́n sì di iná kékeré sínú ẹrù rẹ̀, tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì tó bá wọ̀ á máa tàn bí ewé tútù lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Nínú abọ́ tí kò sí marcela, gbogbo rẹ̀ tàn yanran. Nínú èyí tó ní marcela, òkùnkùn biribiri. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Òkùnkùn.

Noelia sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́rùn. “Fermín! Ó dí i! Ewé ìyá ẹ dí i!”

Ó yẹ kó fi kún un pé nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ ni. Ó yẹ kó ní ká dúró. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gba ẹnu rẹ̀, ó sì ń wo ojú ọkùnrin kan. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Fermín ti pe ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà, Doña Eulalia, ti wà lórí rédíò àdúgbò wọn, ó ń sọ pé láàbù ní olú ìlú ti fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn fi máa parí, àwọn nọ́ọ̀sì tó gbé abẹ́rẹ́ lọ sí Paso Ceibal ò rí ju èèyàn mẹ́rin lọ.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ tó. Noelia da omi marcela sí i, ó fi fáírọ́ọ̀sì arọ sí i, ó dúró ọjọ́ méjì. Mo wà níbi tí mo ti ń to ìgò nígbà tó fi ojú sí ẹ̀rọ awò. Ó yí abọ́ padà, ó tún wò. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

“Zulma, gbogbo ẹ̀ ló ń tàn.”

“Èwo ló ní marcela nínú?”

“Òun náà ni.”

Ó fi omijé ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ yẹn kò ní sísọ́ọ̀sì lára awọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé nìkan ni kòrónà ń gbà wọ ọ́: sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì sínú àpò kékeré kan, omi inú àpò náà á kan, sísọ́ọ̀sì mìíràn tó wà níbẹ̀ á sì gé ẹ̀gún rẹ̀. Marcela kì í jẹ́ kí omi àpò náà kan, ìyẹn ló fi ti ẹ̀yìnkùlé pa. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ní ilẹ̀kùn iwájú, sísọ́ọ̀sì sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kòrónà ò tiẹ̀ wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní, “Màá sọ ọ́.” Ó nu ojú rẹ̀. “Àmọ́ Fermín ni màá kọ́kọ́ sọ fún.”

Lórí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni. Fermín gbọ́ ọ tán, ó wolẹ̀.

“Ọkàn mi, ṣé o ò lè dákẹ́ díẹ̀ ná? Látìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò rí ìyá mi kó yan báyìí rí. Àwọn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ṣọ́ọ̀ṣì. Ewé kì í kúkú pa èèyàn.”

“Ewé ò ní pa wọ́n. Abẹ́rẹ́ tí wọn ò gbà ló máa pa wọ́n. Ìyá ẹ ló sì máa ṣáájú wọn.”

“Tí o bá sọ ọ́ lórí rédíò, kò ní dárí jì ọ́ láéláé. Kí ni mo fẹ́ wá sọ fún un nípa àwa méjèèjì?”

“Sọ fún un pé mo fẹ́ kó wà láyé.”

“Noelia, mo bẹ̀ ọ́.”

Ó na fíláàsì sí i bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun nà án. Noelia fi àtẹ́lẹwọ́ bo akèrègbè rẹ̀.

“O ṣé, Fermín.”

Ó mọ ohun tó sọ, Fermín náà sì mọ̀. Ó dìde, ó gbé fíláàsì sábẹ́ apá, ó lọ. Mi ò rí ọmọbìnrin tó jókòó tààrà bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń ya. Mo jáde lọ jókòó tì í.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló pe rédíò Paso Ceibal. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe àwáwí. “Èmi Noelia Bentancur ni mo ṣe àṣìṣe. Mo sọ̀rọ̀ kí n tó parí iṣẹ́. Marcela kò dá kòrónà dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́.” Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, Doña Eulalia ti wà lórí rédíò kan náà: “Ọmọ ìgboro tí kò mọ marcela yàtọ̀ sí èpò! Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà lókè eèpẹ̀, ọmọbìnrin yẹn ò ní fẹnu kan máte ilé mi.” Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọkùnrin rẹ̀: kò ní lè fi Noelia ṣe aya. Fermín sì ti padà sílé.

Àwọn kan gbọ́ ti Noelia. Ọ̀pọ̀ ò gbọ́. Don Anselmo, ọkùnrin tó ń gbé ilé kejì sí Doña Eulalia, tó ń mu marcela ìgò mẹ́ta lóòjọ́, kó kòrónà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò kó tó kú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Waldemar pè mí pé àlejò dé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló dúró lẹ́nu géètì, ó wọ kóòtù dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, Fermín sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Ta ni Noelia níbí?”

“Èmi ni, Doña Eulalia.”

“Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò bá ẹ wá jà. O ní o rí nǹkan. Fi hàn mí.”

A wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù iṣẹ́, mo fún un ní àga mi. Noelia gbé abọ́ ọ̀bọ sábẹ́ ẹ̀rọ awò. Ìyá àgbà náà wò ó.

“Òkùnkùn.”

“Marcela yín ló ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé pa pátápátá.”

Ó gbé abọ́ ẹ̀dọ̀fóró sí i. Doña Eulalia wò ó pẹ́, ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé mo rò pé ó sùn. Gbogbo rẹ̀ ń tàn níbẹ̀, ewé tútù láti etí abọ́ dé etí abọ́.

“Gbogbo ìwọ̀nyí, ó ti wọlé sínú wọn?”

“Ó ti wọlé.”

“Marcela sì wà nínú ẹ̀?”

“Ó wà nínú ẹ̀.”

Fermín ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. “Ìyá mi, sísọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú. Marcela ò lè dé ibẹ̀.”

Obìnrin náà gbé ojú kúrò. Omi ti kún un. “Anselmo ń mu ún níwájú mi. Èmi ni mò ń bù ú fún un.”

“Ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ jáde,” Noelia sọ. “Ká ní mo dúró oṣù kan. Àtìgbà yẹn ni mi ò tíì sùn dáadáa.”

“Ẹnu méjì ni, ọmọ mi. Tìrẹ sọ ọ́ fún ọmọkùnrin kan. Tèmi ló gbé e lọ sórí rédíò. Àmọ́ tìrẹ lọ tún tirẹ̀ ṣe láàárín ọjọ́ kan, tèmi ṣì ń gbéraga.” Ó nu ojú, ó tún wo abọ́ ọ̀bọ. “Èyí ńkọ́? Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewé mi ti ilẹ̀kùn kan?”

Noelia ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ láti oṣù kẹrin, pẹ̀lú yíǹkì: *Marcela, Doña Eulalia Olivera ló já a, Paso Ceibal, Ọjọ́ Ẹtì Rere, kí oòrùn tó yọ.* Lábẹ́ rẹ̀ ni èsì méjèèjì wà, èyí tó dùn àti èyí tó korò. Ìyá àgbà náà fi ìka tọ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Fún ọ̀bọ, mo gbayì nígbà náà. Ó mà ṣe o, àwọn ará abúlé mi kì í ṣe ọ̀bọ.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ forí jì mí, mi ò lè pa á mọ́ra. Gbogbo wa wá rẹ́rìn-ín, a sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Doña Eulalia ní kí wọ́n gbé tábìlì abẹ́rẹ́ sí àárín gbangba Paso Ceibal, kí ẹni rédíò sì wá. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè nínú òtútù oṣù kẹfà. “Èmi Eulalia ni mo ṣì yín lọ́nà, èmi náà ni mo wá fi ọ̀nà hàn yín. Ẹ mu marcela fún inú rírun. Ẹni tó bá fẹ́ràn mi, kó wá tò sẹ́yìn mi.” Igba èèyàn ó lé mẹ́tàdínlógún ló tò. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò Waldemar. Ẹ wò ó, ìgò tí wọ́n fi mọ òótọ́ yẹn, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Mo yan wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ olórí ìlú.

Fermín padà sórí bẹ́ǹṣì ní aago méjìlá ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Noelia bá a níbẹ̀.

“Mo ní kó o dákẹ́,” Fermín sọ. “Ká ní o gbọ́ tèmi, bóyá ìyá mi ni ìbá tẹ̀ lé Anselmo. Ojú ń tì mí, Noelia. Mo sì ń fi ẹ́ yangàn fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa dú—”

“Má sọ ọ́!” Noelia fi ọwọ́ bo ẹnu ìbòmú rẹ̀. “Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Bu omi fún mi.”

Ó bu omi fún un. Lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ta sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì Rere ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi dání lọ sí Paso Ceibal, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a gun òkè. Gbogbo abúlé ló wà níbẹ̀, wọ́n ń já marcela, ọ̀run sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn òkè. Fermín ń já tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Noelia. Ó ti bi í lọ́jọ́ tó ṣáájú pé ṣé ó máa fẹ́ òun, Noelia sì ti ní kó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dáhùn ná.

Bí oòrùn ṣe yọ, Doña Eulalia jókòó sórí òkúta, ó po máte nínú akèrègbè ńlá ilé rẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó mu àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, bó ti tọ́. Ó da omi sí i, ó yí ọ̀pá ìfàmu sọ́dọ̀ Noelia, ó nà án. Ọ̀pá kan náà. Gbogbo èèyàn tó wà lórí òkè yíjú sí wọn, nítorí wọ́n rántí ohun tó búra lórí rédíò.

“Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù wá lọ,” ìyá náà sọ. “Ṣé kò séwu?”

“Ewu ò tán pátá, Màmá. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ti gba abẹ́rẹ́, mo sì ti dúró pẹ́ tó.”

Ó gbà á. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀ títí akèrègbè fi dún. Ó wá dá a padà, ó wo ojú Doña Eulalia, kò sì dúpẹ́.

Ìyá àgbà náà dúró díẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ kan máa tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀rọ̀. Ó mi orí, ó tún da omi sí i, ó gbé e fún Fermín, ó sì gbé e padà fún Noelia nígbà tó kàn án. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

“Ìgbà wo lo máa wá sọ pé o ṣé?” Fermín bi í létí.

“Láéláé, ọkàn mi. Máa pò ó lọ.”